Ọmọ ẹ̀ga já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, èèrà sì ti yí wọn ká: kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Mọ̀ọ́rè, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé wa, ẹ kú òjò o. Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn ilé wa tí àwọn ẹyẹ ẹ̀ga ti sọ di ìlú láti ọjọ́ pípẹ́, tó fi jẹ́ pé a kò nílò aago láti jí láàárọ̀. Òjò alẹ́ àná, èyí tó bá ìjì rìn, ṣẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ kan tó ru ìtẹ́ 6, ó sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá ọmọ ẹyẹ 5 nílẹ̀. Méjì ti kú, méjì wà ní ìhòòhò, ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ni, ẹ̀karùn-ún sì ti hu ìyẹ́, ó ń tọ kiri. Èèrà ti bo àwọn tó kú, wọ́n sì ti ń gun àwọn tó yè.

Nígbà tí mo sáré gbé ìkòkò òdòdó kan kúrò lọ́nà kí n lè dé ọ̀dọ̀ wọn, mo tún rí ìlú mìíràn lábẹ́ rẹ̀. Àwọn èèrà dúdú kéékèèké ń sá káàkiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé nǹkan funfun kan bí hóró ìrẹsì sẹ́nu, n kò sì rí èyí tó fi nǹkan funfun náà sílẹ̀ kó lè gba ara rẹ̀ là. Àwọn ìbejì mi bú sẹ́kún. Wọ́n ní kí n má pa èèrà, kí n má sì jẹ́ kí èèrà pa ẹyẹ.

Mo ti kó àwọn ọmọ ẹyẹ mẹ́ta náà sínú agbọ̀n kékeré, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ní mo ti ba nǹkan jẹ́, pé bí ọwọ́ ènìyàn bá ti kan ọmọ ẹyẹ, ìyá rẹ̀ kò ní gbà á mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni wọ́n ń jẹ? Báwo ni mo ṣe lè lé èèrà láì da oògùn sí àgbàlá tí àwọn ọmọ mi ń ṣeré nínú rẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó dá mi lóhùn kíákíá, nítorí wọ́n ti ń yanu.

Ọlọ́sìn Adìyẹ, Iléṣà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìdààmú. Àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá jìnnà, kí a tó fi àbọ̀ bá adìyẹ, nítorí náà ọ̀rọ̀ èèrà ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Ẹ fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbọ̀n wọ́n kúrò, kí ẹ sì wo abẹ́ apá, ìdí àti igun ẹnu àwọn ọmọ ẹyẹ náà dáadáa. Ẹ má ṣe fi kẹrosíìnì, ìyẹ̀fun apakòkòrò tàbí omi ọṣẹ kàn wọ́n rárá, nítorí awọ ọmọ ẹyẹ tí kò tíì hu ìyẹ́ fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi okùn so agbọ̀n náà kọ́ sókè, kí ẹ sì fi gírísì kun okùn náà ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, ẹsẹ̀ èèrà kò ní lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ooru ni ó kàn. Ọmọ tó wà ní ìhòòhò kò lè mú ara rẹ̀ gbóná, ara ìyá rẹ̀ ni iná rẹ̀. Ẹ rọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú ìgò oníke, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ gbé e sí apá kan agbọ̀n, kí apá kejì má gbóná tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè sún kúrò bí ó bá ni wọ́n lára. Ẹ má sì da omi sí wọn lẹ́nu o! Ihò tí ẹyẹ fi ń mí wà ní ìdí ahọ́n rẹ̀ gan-an, ẹ̀kán omi kan tó bá gba ibẹ̀ wọlé tó láti pa á. Àánú báyìí ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ ẹyẹ ju ebi lọ lójú tèmi.

Ẹ má gbàgbé pé ọmọ adìyẹ àti ọmọ ẹ̀ga kò jọra. Adìyẹ á sàba fún ọjọ́ 21, á máa yí ẹyin padà lójoojúmọ́, àwọn ọmọ á sì ti máa ké nínú èèpo kí wọ́n tó jáde. Bí wọ́n bá jáde, wọ́n ti hu ìyẹ́ kéékèèké rírọ̀, wọ́n lè rìn, wọ́n lè ṣa oúnjẹ fúnra wọn, pupa ẹyin tó kù nínú ikùn wọn sì lè gbé wọn ró fún nǹkan bí ọjọ́ méjì. Iṣẹ́ ìyá kò ju kó bò wọ́n, kó fi oúnjẹ hàn wọ́n, kó sì máa ṣọ́ òkè àti ilẹ̀. Ohùn tó fi ń kìlọ̀ àṣá lójú ọ̀run yàtọ̀ sí èyí tó fi ń kìlọ̀ ológbò nílẹ̀, ẹni tó bá sin adìyẹ pẹ́ yóò mọ ìyàtọ̀ wọn láti inú yàrá. Àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun, ṣùgbọ́n ìyá adìyẹ ti rí i tipẹ́. Nítorí náà, ẹ má lọ gún àgbàdo fún ọmọ ẹ̀ga pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe ń ṣe fún òròmọdìyẹ.

Mo mọ ohun tí èèrà lè ṣe ju bí mo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n lọ. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìjàlọ wọ ilé adìyẹ mi lóru, òròmọdìyẹ 17 ni mo bá ní òkú láàárọ̀, ìyá wọn tẹ́ apá lé wọn lórí, òun náà sì ti kú. Ẹ̀bi mi ni. Mo ti ilẹ̀kùn gbọn-in nítorí olè, n kò sì fi ọ̀nà kankan sílẹ̀ tí ìyá lè gbà kó àwọn ọmọ rẹ̀ sá. Láti ọjọ́ náà, orí òpó mẹ́rin ni ilé adìyẹ mi dúró lé, òpó kọ̀ọ̀kan wà nínú agolo omi tí mo da ọ́ìlì ẹ̀ńjìnnì díẹ̀ sí, mo sì ń ṣọ́ ọ kí ewé tàbí koríko má di afárá sórí agolo náà.

Ọ̀dọ́ Lágere

Kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú? Ẹ bu pẹtiróòlù díẹ̀ sí ihò èèrà yẹn, ẹ ṣáná sí i, ó parí.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì, Parakin, Ilé-Ifẹ̀

Àbúrò mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ṣáná sí pẹtiróòlù nínú àgbàlá tí àwọn ọmọdé wà. Kànga lè wà níbẹ̀, ògiri ilé wà níbẹ̀, epo tó bá sì rì sínú ilẹ̀ kò ní dúró lójú kan. Yàtọ̀ sí èyí, ó dá mi lójú pé èèrà tó wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó kọ́ ni ó kọlu àwọn ẹyẹ náà, nítorí nǹkan funfun tí Ìyá Ìbejì rí lẹ́nu wọn yẹn, ọmọ wọn ni wọ́n ń gbé sá.

Ìyá Ìbejì, ẹ fi ọkàn ìyá ọkọ yín balẹ̀. Òórùn ọwọ́ wa kì í mú kí ẹyẹ kọ ọmọ rẹ̀. Ariwo ọmọ, ẹnu rẹ̀ tó ń là gbàgà, àti ibi tí ìtẹ́ wà ni òbí fi ń wá a. Ohun tó máa ń lé ìyá ẹyẹ ni kí a dúró tì í, kí a máa yọjú wo inú ìtẹ́ nígbà gbogbo. Bóyá ohun tí àwọn àgbà fẹ́ kí a mọ̀ nìyẹn, tí wọ́n fi dẹ́rù ba ọmọdé kó má baà máa ti ọwọ́ bọ ìtẹ́ ẹyẹ kiri.

Agbọ̀n dára fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n ìtẹ́ wọn gan-an ni kí ẹ dá wọn padà sí. Bí ìtẹ́ kan bá ṣì wà tí kò ya lára imọ̀ ọ̀pẹ náà, ẹ gé apá ibẹ̀, kí ẹ fi wáyà tàbí okùn so ó mọ́ ara ọ̀pẹ tàbí igi tó súnmọ́ ọn, bí ẹ bá ṣe lè ga tó láìséwu. Ẹ kíyè sí i pé ìsàlẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà ìtẹ́ ẹ̀ga máa ń kọjú sí, àti pé ìdènà kékeré kan wà nínú rẹ̀, láàárín ẹnu ọ̀nà àti yàrá ọmọ, tí kì í jẹ́ kí ẹyin yí jáde nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fì í. Bí ẹ bá so ó dorí kodò tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́, ìdènà náà kò ní wúlò, ọmọ yóò tún já bọ́. Ẹ rọra ti àwọn méjì tó wà ní ìhòòhò gba ẹnu ọ̀nà wọlé títí wọn yóò fi kọjá ìdènà yẹn. Èyí tó ti hu ìyẹ́ ní tirẹ̀, ẹ kàn gbé e sórí ẹ̀ka tí ológbò kò lè tètè dé. Irú rẹ̀ kò pẹ́ mọ́ tí yóò fò, òbí rẹ̀ yóò sì máa bọ́ ọ níbikíbi tó bá ti ń ké.

Akọ ẹ̀ga ni ó ń hun ilé náà. Yóò já ojú imọ̀ ọ̀pẹ ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, yóò ta kókó rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, yóò hun ún tán, yóò sì so rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, yóò máa gbọn apá kí abo lè wá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Bí abo kò bá fẹ́ ẹ títí tí ewé fi gbẹ, akọ yóò tú u palẹ̀, yóò tún hun òmíràn. Abo tó bá gbà á ni yóò fi koríko rírọ̀ àti ìyẹ́ tẹ́ inú rẹ̀, òun ni yóò sì sàba fún nǹkan bí ọjọ́ 12, òun náà ni yóò ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíbọ́ ọmọ. Ẹ̀ga àgbà ń jẹ hóró, ó sì ń yọ àgbẹ̀ lẹ́nu, a kò lè parọ́ fún ara wa, ṣùgbọ́n kòkòrò ni ó fi ń tọ́ ọmọ rẹ̀, nítorí ẹran ni ń mú ara ọmọ dàgbà kíákíá. Bí ẹ bá ti so ìtẹ́ náà, ẹ wọlé lọ, kí ẹ máa wò ó láti ojú fèrèsé. Bí òbí kankan kò bá dé lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ fi pínńṣì mú ikán funfun rírọ̀ tàbí tata kékeré tí ẹ ti gé orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi kan igun ẹnu ọmọ náà, yóò yanu. Ẹ má fún un ní búrẹ́dì tàbí mílíìkì.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń yà mí lẹ́nu. Ẹyẹ kékeré kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí ewé tútù tí oòrùn ń ràn sí, tí kì í kọ́lé ara rẹ̀, inú ìtẹ́ ẹ̀ga ni ó ń yé sí. Ọmọ rẹ̀ tó bá pa yóò ti àwọn ẹyin onílé jáde, ẹ̀ga yóò sì máa tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tí ẹ̀ga fi ń gbèjà ara rẹ̀ ni pé ẹyin abo kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Ti ọ̀kan funfun, ti èkejì dà bí omi aró tí a là, ti ẹ̀kẹta ní àmì tótòtó, ìyá sì mọ tirẹ̀, ó ń ju èyí tí kò jọ ọ́ dànù. Ní erékùṣù Mauritius, níbi tí àwọn ènìyàn kó ẹ̀ga lọ, tí irú ẹyẹ ayéyinsílé yìí kò sì sí, ẹyin oríṣiríṣi abo ti ń jọ ara wọn ju ti ilẹ̀ Áfíríkà lọ.

Mo ń padà bọ̀ wá sórí èèrà. Ẹ jẹ́ kí n jẹun ná.

Ẹlẹ́yẹlé, Modákẹ́kẹ́

Kí Olùkọ́ tó padà, ọ̀rọ̀ kékeré kan. Ẹ rí i dájú pé ọmọ ẹ̀ga ni, kì í ṣe ọmọ àdàbà tó bá wọn já bọ́. Ọmọ àdàbà àti ẹyẹlé kì í yanu sókè, inú ẹnu òbí ni wọ́n ń ti àgógó tiwọn bọ̀, nítorí akọ àti abo ẹyẹlé ní oúnjẹ funfun kan tó dà bí wàrà tó ki, tí ó ń jáde láti inú àpò oúnjẹ tó wà ní ọrùn wọn, òun nìkan sì ni ọmọ ń jẹ ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní tata, ẹ pa á nìyẹn. Ọmọ àdàbà ní irun pupa rúsúrúsú lára, àgógó rẹ̀ sì gùn ju bó ṣe yẹ lọ, kò rẹwà rárá.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì, Parakin, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Nípa ti èèrà: ohun tó dà bí ìrẹsì kì í ṣe ẹyin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Ẹyin èèrà kéré débi pé ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Ìdin wọn ni, tàbí ọmọ tó ti dákẹ́ tó ń paradà di èèrà. Ìdin náà kò ní ẹsẹ̀, kò lè rìn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè wá oúnjẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọn kò tíì dàgbà púpọ̀ ni ń ṣe olùtọ́jú nínú ilé, wọ́n ń fi ẹnu bọ́ wọn, wọ́n ń lá wọn kí ara wọn má baà bu, wọ́n sì ń gbé wọn láti yàrá kan sí èkejì bí ooru àti ọ̀rinrin bá ṣe ń yí padà. Àwọn tó ti dàgbà ni ń jáde lọ sí ibi tí ikú wà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fẹ́ràn abẹ́ ìkòkò yín, nítorí ó ń gba oòrùn láàárọ̀, ó sì tutù nísàlẹ̀. Bí ẹ bá rọra gbé ìkòkò náà padà sí ipò rẹ̀, wọn yóò kó àwọn ọmọ wọn wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìyá èèrà tó bá dá ìlú sílẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní òun nìkan nínú ọ̀pọ̀ irú wọn. Yóò gé ìyẹ́ rẹ̀ sọnù lẹ́yìn tó bá ti gbàkọ, yóò wọ ihò, yóò sì dí i. Iṣan tó fi ń fò tẹ́lẹ̀ yóò yọ́ nínú ara rẹ̀, òun ni yóò fi bọ́ àwọn ọmọ àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àkọ́bí wọ̀nyí fi máa ń kéré. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ Rockefeller University ní New York gbé ìwádìí kan jáde lórí irú èèrà kan, tó fi hàn pé àwọn ọmọ tó ń paradà ń sun omi kan jáde lára, tí àwọn àgbà ń lá, tí wọ́n sì ń gbé ìdin kéékèèké lé lórí kí wọ́n lè mu nínú rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó lá omi náà kúrò, ara ọmọ náà yóò bu, yóò sì kú. Ọmọ tí gbogbo wa rò pé ó kàn sùn lásán ń bọ́ àwọn àbúrò rẹ̀.

Àwọn èèrà tó gun ọmọ ẹyẹ yín ńkọ́? Èèrà àgbà kì í gbé oúnjẹ líle mì, omi oúnjẹ ni ó ń mu. Ẹran tí wọ́n ń gé yẹn, àwọn ìdin ni wọ́n ń gbé e lọ fún. Ìyá ẹ̀ga náà ń ṣa kòkòrò fún ọmọ tirẹ̀ lókè. Nítorí náà, ẹ gbé òkú àwọn ọmọ ẹyẹ méjì yẹn jìnnà sí ara ọ̀pẹ, bíi ìdí ògiri kejì, àwọn èèrà yóò tẹ̀ lé wọn lọ, wọn yóò sì fi àwọn tó yè sílẹ̀.

Àgbẹ̀ Kòkó, ọ̀nà Oǹdó, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka gbogbo rẹ̀. Èyí tí Olùkọ́ sọ nípa gbígbé òkú ẹran jìnnà kí èèrà lè tẹ̀ lé e, òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe nígbà tí a bá fẹ́ sùn nínú abà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa àwọn èèrà pupa tí ń fi ewé kọ́lé lórí kòkó àti ọsàn, nítorí ọmọ ni wọ́n fi ń ránṣọ. Wọn yóò tò sí etí ewé kan, wọn yóò fi ẹnu fa ewé kejì mọ́ ọn, bí àlàfo bá sì fẹ̀ jù, wọn yóò di ara wọn mú níbàdí bí ẹ̀wọ̀n. Àwọn mìíràn yóò gbé ìdin wá láti inú ilé, wọn yóò fi ẹnu mú un, wọn yóò máa fi orí rẹ̀ kan etí ewé yìí, kan ti ọ̀hún, ìdin náà yóò sì máa tu òwú funfun jáde títí ewé méjèèjì yóò fi lẹ̀. Òwú tó yẹ kó fi wé ara rẹ̀ ni ó fi kọ́lé fún gbogbo ìlú, nítorí náà ìhòòhò ni ó ń paradà. Mo ti ń wò wọ́n láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ní ọjọ́ ìkórè, mo máa ń bú wọn, ṣùgbọ́n n kì í sun ilé wọn, nítorí wọ́n ń lé àwọn kòkòrò tí ń fa omi èso kòkó mu.

Ti ìjàlọ, ẹ fi ojú sí ohun tí wọ́n gbé. Ìjàlọ kò ní ilé ayérayé. Bí ẹ bá rí ìlà wọn tí ọ̀pọ̀ gbé ọmọ funfun sábẹ́ àyà, tí àwọn ọmọ ogun wọn olórí ńlá dúró ní ọ̀tún àti òsì, tí wọ́n la ẹnu sókè, ó sábà máa ń jẹ́ pé wọ́n ń kó ilé lọ ni. Wọn kò ríran, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣi ọ̀nà. Ẹ tú adìyẹ sílẹ̀, kí ẹ gbé ọmọ ọwọ́ kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì yà fún wọn. Ọlọ́sìn Adìyẹ, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀rọ̀ yín dùn mí.

Kí ẹnikẹ́ni tó gé igi ńlá tó ní ihò, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá àtíòro ń lọ, ó ń bọ̀ níbẹ̀. Abo rẹ̀ máa ń wọ inú ihò, wọn yóò fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀ títí yóò fi ku ojú tóóró kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni akọ ń gbà fi èso àti kòkòrò bọ́ ọ ní gbogbo ìgbà tó fi ń sàba, àti nígbà tí ọmọ bá ṣì kéré. Bí ẹ bá pa akọ, ebi yóò mú gbogbo ilé náà.

Ìyá Ìbejì, Mọ̀ọ́rè, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin àgbà mi, mo dúpẹ́ púpọ̀. Ọkọ mi gun àkàsọ̀, ó so apá imọ̀ náà mọ́ ara ọ̀pẹ, ẹnu ọ̀nà ìtẹ́ sì kọjú sílẹ̀ bí Olùkọ́ ṣe wí. Ìṣòro kan ṣoṣo ni ó kù: gírísì tí mo fi kun wáyà ti gbẹ, eruku ti bò ó, mo sì rí èèrà méjì tó kọjá. Ṣé kí n tún un kùn?

Ọlọ́sìn Adìyẹ, Iléṣà

Ẹ nù ún kúrò, kí ẹ tún un kùn ní ọjọ́ méjì méjì. Ẹ sì gé ewé èyíkéyìí tó bá kan ìtẹ́ náà, nítorí bí ewé kan bá fara kàn án, gírísì kò wúlò.

Ìyá Ìbejì, Mọ̀ọ́rè, Ilé-Ifẹ̀

Ó di ọjọ́ 16 lónìí. Èyí tó ti hu ìyẹ́ lo ọjọ́ mẹ́ta lórí igi gúáfà, ẹ̀ga kan ń bọ́ ọ, lẹ́yìn náà a kò rí i mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó wà ní ìhòòhò kú lóru ọjọ́ kejì, nígbà tí òjò tún rọ̀. Èkejì yọ orí jáde láti ẹnu ọ̀nà ní àárọ̀ òní, ó ti hu ìyẹ́ tán. Ìkòkò òdòdó wà níbi tó wà, a kò tíì gbé e. Ìyá ọkọ mi ti gbé àga rẹ̀ sí ojú fèrèsé ẹ̀yìn, òun ni ó ń ka iye ìgbà tí ìyá ẹ̀ga ń wọlé, bí àwọn ìbejì bá sì fẹ́ jáde lọ yọjú wò ó, òun ni ó ń pè wọ́n padà.